Ẹ̀rí Ta Ni A Ó Gbà Nípa Ẹ̀rọ?

Ní ìgbà tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò, kí n tó di ọ̀gá ilé-ìwé, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi. Èmi a gbé òṣùwọ̀n kan ka orí tábìlì, èmi a sì bi wọ́n pé, "Kí ni a fi ń wọn òṣùwọ̀n?" Àwọn kan a bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn a máa wo ojú ara wọn. Wọn a ní òṣùwọ̀n ni a fi ń wọn iyọ̀ àti ìrẹsì, ta ni ó wá ń wọn òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀? Kì í pẹ́ tí ọmọ kan yóò fi dìde láti sọ pé kí a wá òṣùwọ̀n mìíràn tí a mọ̀ pé kì í purọ́. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀, nítorí pé ta ni ó sọ fún wa pé èkejì náà kì í purọ́? Eré ọpọlọ lásán ni mo ka ìbéèrè yìí sí, títí di ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ẹnì kan fi ọ̀ràn ẹ̀rọ kan lọ̀ mí, tí mo sì rí i pé ọdún púpọ̀ ni mo ti fi bi àwọn ọmọ ní ohun tí èmi fúnra mi kò tíì mọ̀.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ó wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti di baálé ilé, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó bá ti dé Ṣómólú rí yóò mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Ojúlé kan ń ta bébà, èkejì ń gé e, ẹ̀kẹta ń di ìwé pọ̀, ẹ̀kẹrin ń tẹ kàlẹ́ńdà, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í dákẹ́ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Títẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sára fáníìlà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Ó ní òun rí ẹ̀rọ tuntun kan tí ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sì ń darí rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí òun wà nínú rẹ̀ ṣe tán láti yá òun ní owó, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ onídùúró. Ó wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dára." Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn, nítorí mo ń bọ̀ wá bá a.

Kí n tó lọ wo ẹ̀rọ náà, mo ní kí ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é, nítorí pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè mọ ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ gbà ṣe. Báyìí ni mo ṣe rí i. Wọn a na àwọ̀n tín-ín-rín kan mọ́ férémù, kí ó le dáadáa bí awọ ojú ìlù. Wọn a fi oògùn olómi kan kun ojú àwọ̀n náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí, oògùn tí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni í mú un le. Bí ó bá gbẹ, wọn a tẹ́ ìwé kan tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì lé e, èyí tí wọ́n ti fi íǹkì dúdú ya àwòrán sí, wọn a sì gbé e sí ojú iná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé a le. Ibi tí àwòrán dúdú bá bò mọ́lẹ̀ kì í le, omi a sì fọ̀ ọ́ kúrò. Báyìí ni ojú àwọ̀n ṣe ń ṣí síbi tí a fẹ́ kí íǹkì gbà kọjá, tí ó sì ń dí síbi tí a kò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ́ fáníìlà sí abẹ́ rẹ̀, wọn yóò da íǹkì sórí àwọ̀n, wọn yóò sì fi igi tí ó ní rọ́bà lẹ́nu fa íǹkì náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí àwọ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, férémù mẹ́rin ni, èyí tí ó bá tẹ̀lé èkejì kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò lójú ibi tí ti ìṣáájú wà, ì báà ṣe bí ìbú irun orí.

Ọwọ́ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Bí ọwọ́ bá wúwo jù, íǹkì a kún àkúnya, lẹ́tà a sì máa wú bí ètè ẹni tí oyin ta. Bí ó bá fúyẹ́ jù, àwòrán a rí pálapàla. Bàbá kan wà láàrin àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó ti ń fa íǹkì fún ọdún 23. N kò rí i kí ó wo nǹkan kan tí ó fi ń wọn agbára rẹ̀. Ó kàn ń fà á ni, aṣọ kan tẹ̀lé òmíràn, gbogbo wọn sì bá ara wọn mu.

Ẹ má ṣe rò pé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí wa. Ní Abẹ́òkúta níbi tí mo ń gbé, àwọn ọkùnrin ti ń gé ọnà sára páànù, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ lé aṣọ, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ láfún pa ojú rẹ̀, kí aró má bàa mu ibi tí ẹ̀kọ bá dé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí. Ẹ̀kọ ni ti ìhín ń jẹ́ kí ó kọjá láti lé aró sá, íǹkì ni ti ọ̀hún ń jẹ́ kí ó kọjá láti lẹ̀ mọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe àdìrẹ Olóba, tí wọ́n fi ṣe ìrántí ayẹyẹ ọdún 25 ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935. Ní gbogbo ìgbà tí páànù ń yára ṣe tirẹ̀, àwọn obìnrin kò ju ìyẹ́ adìẹ sílẹ̀; ìyẹ́ ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ ya Ìbàdàn dùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú ọnà rẹ̀. Ní ti àwọn òyìnbó, ọdún 1907 ni Samuel Simon ti ìlú Manchester gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi ń gba ojú àwọ̀n ṣẹ́dà tẹ àwòrán. Ní Amẹ́ríkà ni Michael Vasilantone ti ṣe ẹ̀rọ tí ń yí po láti tẹ àwọ̀ púpọ̀ sára aṣọ, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1969. Irú-ọmọ ẹ̀rọ yẹn ni èyí tí a lọ wò.

Inú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Èkó ni wọ́n gbé e sí. Ó ní apá púpọ̀ bí aláǹtakùn, pátákó pẹrẹsẹ kan sì wà ní abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ń tẹ́ fáníìlà sí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ nínú ìkòkò irin ni ó ń ti apá náà lọ tí ó sì ń fà á bọ̀. Ẹnì kan a tẹ́ aṣọ sí ìhín, ẹ̀rọ a yí, àwọ̀ kìíní a bà á, ẹ̀rọ a tún yí, àwọ̀ kejì a bà á, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni kejì tí yóò bọ́ ọ kúrò tí yóò sì gbé e lọ síbi iná tí ń sun íǹkì mọ́ ọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún aṣọ ni irú ẹ̀rọ yìí lè tẹ̀ ní wákàtí kan. Ojú kọ̀ǹpútà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ètò tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sọ́fúwìà wà: ó ń rántí bí a ṣe to ẹ̀rọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí rọ́bà yóò ti tẹ̀ tó, bí yóò ti yára tó, bí férémù yóò ti jìnnà sí aṣọ tó, ó ń ka iye aṣọ tí ó ti kọjá, ó sì ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi dúró láìṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin tí ń tà á jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó fi fáníìlà funfun tí ó mú wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tí ó ti tò sílẹ̀ láti àná, tẹ aṣọ 20 lójú wa kí a tó mí kanlẹ̀. Ọmọ mi àtijọ́ pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ohun tí ó dá mi dúró kò ju pé mo rántí ìgbà tí alábẹ̀wò bá ń bọ̀ ní ilé-ìwé: àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé ni olùkọ́ ń tò sí iwájú, ìbéèrè tí wọ́n ti kọ́ sórí ni ó sì ń bi wọ́n. Mo ti ṣe é rí, n kò sì ní parọ́ fún yín. Nítorí náà ni mo fi sọ fún ọlọ́jà náà pé a dúpẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa ni a fẹ́ kí ó ṣe, kì í ṣe tirẹ̀: fáníìlà olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà ní ọjà, íǹkì olómi tí ṣọ́ọ̀bù ń lò, àwòrán aláwọ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì tò, kí ó sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wa to ẹ̀rọ náà, bí òun bá tilẹ̀ ń júwe fún wọn. Kò bínú. Ó ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, mo ní kí ọmọ náà gbé ìwé tí ó ń kọ iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí wá, kí a ṣe ìṣirò. Ẹ̀yin náà lè bá wa ṣe é. Jẹ́ kí a sọ pé ọwọ́ ń gba ìṣẹ́jú 20 láti to férémù, tí ó sì ń tẹ aṣọ kan ní ìṣẹ́jú kan. Jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀rọ ń gba ìṣẹ́jú 60 láti tò, ṣùgbọ́n tí ó ń tẹ aṣọ mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Bí oníbàárà bá fẹ́ aṣọ 300, ọwọ́ yóò gba ìṣẹ́jú 320, ẹ̀rọ yóò gba 110. Ó yá, ẹ̀rọ borí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ aṣọ 30, ọwọ́ yóò gba ìṣẹ́jú 50, ẹ̀rọ yóò sì gba 65. Ìyẹn ni pé àgbà ọkùnrin tí ń fi ọwọ́ fà á yóò ti parí, yóò sì ti jókòó. Aṣọ 48 ni wọ́n ti máa ń dọ́gba. Kí aṣọ tó pé 48, owó tí a ná sórí iyára ẹ̀rọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ.

Níbí ni mo ti wá rí i pé apá tí ń yí po, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún, kọ́ ni ohun pàtàkì jù lọ nínú ẹ̀rọ yìí. Bí kọ̀ǹpútà bá rántí bí a ṣe to iṣẹ́ kan ní èṣí, tí èyí sì dín ìṣẹ́jú 60 kù sí 30, aṣọ 12 péré ni yóò tó láti mú kí ẹ̀rọ àti ọwọ́ dọ́gba. Ìrántí ni ó níye lórí. Ṣùgbọ́n ta ni ìrántí wúlò fún bí kò ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń padà wá? A ṣí ìwé oníbàárà. Aṣọ eré ìdárayá àwọn ilé-ìwé ń padà wá ní ọdọọdún, aṣọ àwọn ẹgbẹ́ kan sì ń padà wá. Aṣọ ìgbéyàwó kò padà wá, bẹ́ẹ̀ ni ti òkú kò sì padà wá, nítorí kò sí ẹni tí a ń sin lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a kà á tán, ìdá méjì nínú márùn-ún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ni ó jẹ́ iṣẹ́ tí ń padà wá. Ọmọ náà wò mí, ó ní òun kò ka ìwé yẹn báyìí rí láti ìgbà tí òun ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Bí a bá sọ òdodo, ìdánwò tí a gbé kalẹ̀ fún ẹ̀rọ, ṣọ́ọ̀bù ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

Ní ọjọ́ tí a padà lọ, gbogbo wa ni a lọ, bàbá tí ń fa íǹkì náà sì wà pẹ̀lú wa. A tẹ aṣọ 100. Ojú kọ̀ǹpútà kọ 100. Mo ní kí wọ́n kó aṣọ náà wá, mo sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 91 ni ó ṣeé tà. Àwọ̀ kan ti yẹ̀ lára mẹ́rin, òwú ti lẹ̀ mọ́ íǹkì lára mẹ́ta, méjì sì ti ká jọ kí rọ́bà tó kàn wọ́n. Ọmọ náà ní ẹ̀rọ purọ́. Mo ní rárá, ẹ̀rọ kò purọ́. Iye ìgbà tí apá rẹ̀ lọ tí ó sì bọ̀ ni a ní kí ó kà, ó sì kà á bí ó ti yẹ. Àwa ni a ń pe iye ìgbà tí apá lọ ní iye aṣọ tí ó dára.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju bí ó ti yẹ lọ, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Ní ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, olùkọ́ méjì wà lábẹ́ mi. Ìwé ìmúrasílẹ̀ ọ̀kan mọ́ tónítóní, ó fi rúlà fa ìlà sí i, kò sì pẹ́ ọjọ́ kan rí kí ó tó mú un wá fún mi láti fọwọ́ sí. Ti èkejì rí jákujàku, epo máa ń wà lára rẹ̀, ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ mú un wá. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí a ó gbé ga, orúkọ ti ìṣáájú ni mo kọ. Èkejì ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwé abúlé kan tí ó jìnnà. Ọdún kejì ni mo tó jókòó sí kíláàsì àwọn méjèèjì láti gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé. Àwọn tí oníwèé jákujàku kọ́ ń ka ìwé bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹni tónítóní kọ́ ń wò mí. Ìwé ni mo kà. N kò ka ọmọ. Olùkọ́ náà ti lọ, ìwé tí ó gbé e lọ sì wà ní ọwọ́ àwọn aláṣẹ, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ ọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ ènìyàn láti máa fi iye rọ́pò ohun tí iye náà dúró fún, ẹ má gbà á gbọ́.

Bàbá tí ń fa íǹkì kò sọ̀rọ̀ títí a fi tẹ aṣọ tán. Nígbà náà ni ó béèrè pé bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí rọ́bà bá wà ní àárín aṣọ ńkọ́? Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ yóò dúró, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á kí a wò ó." Wọ́n pa á. Ẹ̀rọ dúró pẹ̀lú rọ́bà lórí aṣọ. A dúró fún ìṣẹ́jú 15, èyí tí ó kéré sí ohun tí ojú wa ń rí ní Ṣómólú nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ láti dáhùn. Nígbà tí wọ́n tàn án padà, ìrántí kọ̀ǹpútà pé pérépéré, kò gbàgbé nǹkan kan, mo sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n íǹkì olómi ti gbẹ sí ojú àwọ̀n, a sì ní láti bọ́ férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láti fọ̀ wọ́n. Ọlọ́jà fi òótọ́ inú sọ pé òun kò tíì dán irú èyí wò rí. Ó ti ta ẹ̀rọ yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ fa íǹkì fún ọdún 23 ni ó mọ ohun tí a ní láti bi í.

Èmi náà ní ìbéèrè kan tí ọmọ náà kò kà sí. Mo bi ọlọ́jà pé ta ni ó ni ìrántí inú kọ̀ǹpútà yẹn. Ó ní àwa ni. Mo ní bí a kò bá san owó ọdọọdún tí àwọn tí ó ṣe ètò náà ń gbà ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹ̀rọ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí a kó àwọn iṣẹ́ àtijọ́ pamọ́ sí lè tì. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a ó lè kó wọn jáde kí ó tó tì. Wọ́n kọ ọ́. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àyágbé ni ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé òun ni ó ra bíríkì.

Mo ti ní n ó padà wá sí gbólóhùn rẹ̀. "Ẹ bá mi wò ó bóyá ó dára." Nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé ìkẹ́rùsí ni mo rí i pé kì í ṣe ìdájọ́ ni ọmọ yìí wá gbà lọ́wọ́ mi, ìwúre ni. Ó ti fọ ìdajì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti fi àyè ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí ó tó wá bá mi. Ẹni tí ó ti san owó orí ìyàwó tán, tí ó wá ń wádìí ìwà ọmọbìnrin, ẹ̀rù ni ó ń bà á, kì í ṣe ìmọ̀ ni ó ń wá. Èmi kò sì mọ́ tó bí mo ti rò. Ó dùn mọ́ mi pé ọmọ tí mo kọ́ ka èrò mi sí. Ẹni tí a bá pè láti wọn nǹkan, tí inú rẹ̀ sì dùn pé a pè é, òṣùwọ̀n rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó gbé ohunkóhun lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́fà náà. Ẹ̀rọ yẹn kò nílò ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ní ọdún 1811, ní agbègbè Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ, nítorí pé àwọn ọ̀gá ń fi í ṣe iṣẹ́ tí kò dára, wọ́n sì ń dín owó òṣìṣẹ́ kù. Ní ọdún 1812, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fọ́ ẹ̀rọ yóò kú. Nílé wa níbí, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ní ọdún 1867, nínú rúkèrúdò tí a ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá kò bá ẹ̀rọ ṣe ọ̀tá. Àwọn tí wọ́n rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó, ni wọ́n ń bá jà. Mo máa ń ronú pé ọ̀pọ̀ ìjà tí a ń pè ní ìjà ènìyàn àti ẹ̀rọ, ìjà ènìyàn àti ènìyàn ni, a kàn rí ẹ̀rọ ní àárín wọn ni.

Àwọn kan yóò sọ pé òwò kì í ṣe ilé àánú, àti pé ẹni tí kò bá ra ẹ̀rọ, ẹni tí ó rà á yóò gba oníbàárà rẹ̀, òun àti àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò sì jọ jókòó sílé. Òótọ́ ni, n kò sì lè dá ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun kan. Àwọn iye tí kọ̀ǹpútà ń pamọ́, bí rọ́bà yóò ti tẹ̀ tó lórí fáníìlà wa, bí yóò ti yára tó, níbo ni a ti rí wọn? Bàbá yẹn ni ó dúró ti ẹ̀rọ ní ọjọ́ ìdánwò, tí ó ń wo aṣọ tí ó sì ń sọ pé kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n fi kún un, títí àwòrán fi dà bí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ ibì kan, kọ̀ǹpútà sì gbé e mì. Ọdún 23 ni ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó dé Èkó ní àná lè pè é jáde. Bí a bá jí àpò ọkùnrin kan, a mọ orúkọ tí a ń pe ìyẹn. Bí a bá gba ìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀yàyà, tí a wá ní a kò nílò rẹ̀ mọ́, n kò mọ orúkọ tí a ń pè é, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó yẹ kí ó jẹ́ òwò.

Mo sọ fún ọmọ náà pé èmi yóò ṣe onídùúró rẹ̀ bí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá náà kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ẹ̀yáwó yóò fi tán, àti pé owó yóò máa wọlé fún un lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ohun tí ó kọ́ ẹ̀rọ tẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ṣómólú. Mo ní mo mọ̀. Ó lọ, n kò sì gbúròó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti rò pé ó ti rí onídùúró mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni òun àti bàbá náà jọ wá, wọ́n mú ìwé lọ́wọ́. Ó gbà láti má lé bàbá náà lọ. Ti owó orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ní òun kò lè ṣe é fún ju ọdún kan lọ. Mo wo bàbá náà. Ó ní, "Tíṣà, ọdún kan ju òfo lọ." Mo fi ọwọ́ sí i, ìwé ilé mi sì lọ sí ọwọ́ ẹgbẹ́.

A ti san ju ìdajì gbèsè náà lọ báyìí. Mo dé ibẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Aṣọ eré ìdárayá ilé-ìwé ni wọ́n ń tẹ̀, bàbá náà sì jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń ka aṣọ tí ó ṣeé tà sínú ìwé kan, ó fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Méjì nínú àwọn márùn-ún yòókù ti lọ. Ọ̀kan kó àwọn férémù àtijọ́, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ sí Mushin, àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí kò pé aṣọ 48 ni ó sì ń gbà. Èkejì ń gun ọ̀kadà. Mo pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ náà, ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Mo dá a lóhùn, mo bi í léèrè nípa àwọn ọmọ rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ lẹ́yìn ìyẹn.